Ímeèlì, àtẹ̀jíṣẹ́, WhatsApp tàbí ìpè: èwo ni kí oníṣòwò Yorùbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi polówó ọjà?

Bí ẹ bá ń ta aṣọ ní Peckham, tí ẹ ń se oúnjẹ òde ní Thamesmead, tàbí tí ẹ ń dirun ní Manchester, ó dájú pé nọ́ńbà àwọn oníbàárà kún inú fóònù yín. Ọjà tuntun dé, ó wá ń ṣe yín bíi kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òfin wà fún un. Privacy and Electronic Communications Regulations lorúkọ rẹ̀, PECR ni wọ́n ń pè é ní ìkékúrú. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2003 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú òfin àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù kan tó jáde lọ́dún 2002 ni wọ́n ti fà á yọ, Brexit kò sì pa á rẹ́. Iléeṣẹ́ tó ń mójú tó o ni Information Commissioner's Office, ìyẹn ICO.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ti gbọ́ nípa GDPR, àwọn tó gbọ́ nípa PECR kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe nǹkan kan náà. GDPR ń wo bí ẹ ṣe gba orúkọ àti nọ́ńbà èèyàn, bí ẹ ṣe tọ́jú rẹ̀, àti ohun tí ẹ ń fi ṣe. PECR ń wo ìgbà tí ẹ bá gba orí fóònù tàbí ímeèlì wọlé tọ èèyàn lọ láti polówó. Nọ́ńbà kan lè wà lọ́wọ́ yín lọ́nà ẹ̀tọ́, kí ẹ má sì ní àṣẹ láti fi ìpolówó ránṣẹ́ sí i. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Mo fẹ́ fi àwọn ọ̀nà náà wé ara wọn kí ẹ lè yan èyí tó bá òwò yín mu. Èrò tèmi rèé kí n tó bẹ̀rẹ̀: fún oníṣòwò kékeré, kò sí ọ̀nà tó dára tó kí ẹ béèrè lọ́wọ́ oníbàárà nígbà tó dúró níwájú yín tó ń sanwó. Kò ná yín ní nǹkan kan. Bí ẹ bá jẹ́ kí àsìkò yẹn kọjá, gbogbo ọ̀nà tó kù ló máa ń le jù ú lọ.

| Ọ̀nà | Ẹni tó ń rajà fún ara rẹ̀ | Iléeṣẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ |
|---|---|---|
| Ímeèlì, àtẹ̀jíṣẹ́, WhatsApp | Ìyọ̀ǹda rẹ̀, tàbí soft opt-in (àlàyé rẹ̀ wà nísàlẹ̀) | PECR kò béèrè ìyọ̀ǹda. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, kí ẹ sì fi ibi tí wọ́n lè fèsì sí láti kọ̀ síbẹ̀ |
| Ìpè tí ẹ fẹnu ara yín pè | Ẹ lè pè é, àfi bí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà nínú ìwé TPS (ìwé àwọn tí kò fẹ́ ìpè ìpolówó) tàbí tó ti sọ pé kí ẹ má pe òun | Bákan náà, ìwé CTPS (irú TPS ti àwọn iléeṣẹ́) ni ẹ ó wò |
| Ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń fi pe èèyàn | Ìyọ̀ǹda nìkan | Ìyọ̀ǹda nìkan |
| Lẹ́tà tí póòsì ń gbé wá | Kò sí lábẹ́ PECR, GDPR ló kàn | Bákan náà |

## Èwo ni ìpolówó, èwo ni iṣẹ́?

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ oníbàárà ni ìpolówó. "Aṣọ tí ẹ sanwó rẹ̀ ti dé, ẹ lè wá gbà á láti aago mẹ́wàá àárọ̀." Èyí kì í ṣe ìpolówó, iṣẹ́ tó ti wà láàárín yín tẹ́lẹ̀ ni ẹ ń jẹ́. Ẹ kò nílò ìyọ̀ǹda kankan fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi gbólóhùn kan ṣoṣo kún un, "léèsì tuntun náà ti wọlé, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀," gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti di ìpolówó nìyẹn. Ìyẹn kò yọ ìdajì àkọ́kọ́ sílẹ̀.

EE, iléeṣẹ́ fóònù, rí ìjà òfin yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà wọn tó lé ní mílíọ̀nù 2 pé kí wọ́n máa lo áàpù My EE, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ fóònù sí tuntun kún un. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. ICO ní rárá, ìpolówó ni, ó sì bu £100,000 lé wọn gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn lọ́dún 2019. American Express náà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ímeèlì tó lé ní mílíọ̀nù 4, wọ́n sì san £90,000 lọ́dún 2021. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ìpolówó bá wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pín wọn sí méjì. Ẹ fi ti iṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó kàn, kí ẹ sì fi ìpolówó ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ ní àṣẹ láti fi ránṣẹ́ sí nìkan.

## Ìyọ̀ǹda tàbí soft opt-in

Fún ímeèlì, àtẹ̀jíṣẹ́ àti WhatsApp, ọ̀nà méjì péré ló wà láti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rajà fún ara rẹ̀.

Èkíní ni ìyọ̀ǹda. Oníbàárà fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń fún láṣẹ, ohun tó ń bọ̀, àti ọ̀nà tó máa gbà wá. Ó gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan tó fi hàn pé ó gbà. Àpótí tí ẹ ti bá a fi àmì sí sílẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, dídákẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, pé ó fi nọ́ńbà sílẹ̀ kí ẹ lè gbé oúnjẹ wá fún un náà kì í ṣe ìyọ̀ǹda.

Èkejì ni èyí tí ICO ń pè ní soft opt-in. Èyí wà fún ẹni tó ti rajà lọ́wọ́ yín, tàbí tó ti ń bá yín dúnàádúrà. Ẹ lè máa polówó fún un láì jẹ́ pé ó sọ pé "mo gbà", bí gbogbo nǹkan wọ̀nyí bá pé: ẹ̀yin fúnra yín lẹ gba nọ́ńbà tàbí ímeèlì náà lọ́wọ́ rẹ̀, àsìkò tó ń rajà tàbí tó ń nájà lẹ gbà á, ọjà yín tó jọ èyí tó rà lẹ ń polówó, ẹ fún un láyè láti kọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gba nọ́ńbà, ẹ sì tún ń fún un láyè láti kọ̀ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, gbogbo rẹ̀ yẹ̀.

Káàdì kékeré tí ẹ lè gbé síbi tí wọ́n ti ń sanwó máa fi ìyàtọ̀ wọn hàn dáadáa. Ti ìyọ̀ǹda rèé:

*Mo fẹ́ kí ẹ máa sọ fún mi bí aṣọ tuntun bá dé, lórí: ☐ WhatsApp ☐ ímeèlì ☐ àtẹ̀jíṣẹ́*

Ti soft opt-in rèé:

*A ó máa sọ fún yín lórí àtẹ̀jíṣẹ́ bí aṣọ tuntun bá dé. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ fi àmì síbí: ☐ Ẹ lè sọ fún wa nígbàkigbà pé kí a má fi ránṣẹ́ mọ́.*

Nínú káàdì àkọ́kọ́, ẹni tí kò bá fi àmì sí ibì kankan, ẹ kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí i. Nínú èkejì, ẹni tí kò bá fi àmì síbẹ̀ ni ẹ lè fi ránṣẹ́ sí. Ẹ lè rí i pé orúkọ inú ìwé yín máa pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ gbogbo ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù láti lo èkejì. Ṣùgbọ́n káàdì yìí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí oníbàárà fi nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹ kò lè padà lọ sọ pé torí ó ti rajà lọ́wọ́ yín lọ́dún tó kọjá, ó ti wọ inú soft opt-in. Bí kò bá sí àǹfààní láti kọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín.

"Ọjà tó jọ ọ́" náà gba àròjinlẹ̀. Ẹni tó ra aṣọ òkè lọ́wọ́ yín, ẹ lè sọ fún un pé gèlè àti fìlà ti dé. Ẹ jẹ́ ká mú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta èlùbọ́, epo pupa àti iṣu, tí wọ́n tún ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́ sí Nàìjíríà lórí káńtà kan náà. Ẹni tó wá fi owó ránṣẹ́ sílé kò ra èlùbọ́. Bí ẹ bá ń fi iye owó èlùbọ́ ránṣẹ́ sí i, ẹ ti kúrò lábẹ́ soft opt-in. Ẹ gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ fún ìyẹn lọ́tọ̀.

"Dúnàádúrà" náà ní ààlà. Ẹni tó béèrè iye tí ẹ máa gbà láti se oúnjẹ fún igba èèyàn níbi ìsọmọlórúkọ ti ń bá yín nájà, bí kò tilẹ̀ padà wá. Ẹni tó kàn béèrè bóyá ẹ máa ń ṣí lọ́jọ́ Sunday kò tíì ná nǹkan kan.

Ibi tó kan àwa Yorùbá jù ni aṣọ ẹbí. Ìyá ìyàwó wá ra aṣọ fún àádọ́ta èèyàn, ó sì kó orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo wọn lé yín lọ́wọ́ kí ẹ lè pín in fún wọn. Nọ́ńbà àádọ́ta ti wà lọ́wọ́ yín, àwọn tó fẹ́ràn aṣọ sì ni. Àmọ́ oníbàárà kan péré lẹ ní níbẹ̀: ìyá ìyàwó. Àwọn tó kù kò fi nọ́ńbà wọn lé yín lọ́wọ́, wọn kò sì ná ọjà lọ́dọ̀ yín. Ẹ pín aṣọ fún wọn, kí ẹ fi káàdì sínú àpò aṣọ kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó bá wù ú lè forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹnìkọ̀ọ̀kan bá wá sanwó tirẹ̀ fún yín tààrà, ó ti di oníbàárà yín nìyẹn, káàdì yín sì kàn án.

Bákan náà ni ìwé nọ́ńbà tí ẹ rà tàbí tí ọ̀rẹ́ yín oníṣòwò fún yín. Soft opt-in kì í kọjá lọ́wọ́ ẹni tó gba nọ́ńbà. Ìyọ̀ǹda lè kọjá bí oníbàárà bá mọ orúkọ yín gan-an nígbà tó ń fọwọ́ sí i, èyí kì í sì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ oníṣòwò kékeré kan tó yẹ kó ra ìwé nọ́ńbà.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi gba ìyọ̀ǹda náà lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. HelloFresh, àwọn tó ń gbé èròjà oúnjẹ lọ sílé èèyàn, san £140,000 ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 lórí ímeèlì mílíọ̀nù 79 àti àtẹ̀jíṣẹ́ mílíọ̀nù kan. Àpótí tí oníbàárà fi àmì sí dárúkọ ímeèlì, kò dárúkọ àtẹ̀jíṣẹ́ rárá. Wọ́n tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbólóhùn pé èèyàn ti lé ní ọmọ ọdún 18, débi pé ẹni tó fi àmì sí i lè rò pé ọjọ́ orí òun lòun ń jẹ́rìí sí. Ìdí nìyẹn tí àpótí mẹ́ta fi wà lórí káàdì ìyọ̀ǹda tí mo kọ sókè yìí, tí nǹkan mìíràn kò sì sí lórí rẹ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gba nọ́ńbà sílẹ̀, àti bí ẹ ṣe gbà á. Ẹ fi ẹ̀dà káàdì tí ẹ ń lò lásìkò yẹn pamọ́ pẹ̀lú. Bí ICO bá béèrè, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé wọ́n gbà.

## Ímeèlì, àtẹ̀jíṣẹ́ àti WhatsApp

Lójú òfin, ọ̀kan náà ni wọ́n. PECR pe gbogbo ọ̀rọ̀, ohùn, ìró tàbí àwòrán tí ẹ bá fi ránṣẹ́, tó lè dúró títí ẹni tó ni ín yóò fi wá gbà á, ní ímeèlì. Ohùn tí ẹ fi sílẹ̀ lórí WhatsApp wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi sínú àpótí èèyàn lórí Instagram wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ gbé sí ojú-ewé yín lórí Facebook tàbí Instagram kí gbogbo ayé lè rí i kò sí níbẹ̀, nítorí kò lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan pàtó.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ìrọ̀rùn. Nínú ímeèlì, àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn fi ímeèlì ránṣẹ́ máa ń fi ibi tí wọ́n ti ń yọ orúkọ kúrò sí ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ a sì yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́, "Ẹ fi STOP ránṣẹ́" ti tó, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n ń dáhùn sí gbọ́dọ̀ ṣeé dáhùn, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ máa wò ó. Nínú WhatsApp, ẹ̀yin ni ẹ máa ka "ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ránṣẹ́ sí mi mọ́", ẹ̀yin náà ni ẹ máa fi ọwọ́ yọ orúkọ. Lọ́jọ́ tí ọjà bá pọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàgbé.

Ẹ má ṣe fi ẹgbẹ́ WhatsApp polówó. Tí ẹ bá kó oníbàárà 80 sínú ẹgbẹ́ kan, ẹ ti fi nọ́ńbà oníkálukú han àwọn 79 tó kù, wàhálà GDPR nìyẹn lórí ti PECR. Broadcast dára jù, ó ń lọ sọ́dọ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlànà WhatsApp Business fúnra rẹ̀ tún béèrè pé kí ẹni náà ti gbà kí ẹ tó kọ̀wé sí i, nítorí náà soft opt-in nìkan lè má tẹ́ WhatsApp lọ́rùn bó tilẹ̀ tẹ́ òfin lọ́rùn. Bí WhatsApp bá ni ọ̀nà tí ẹ gbójú lé jù, káàdì ìyọ̀ǹda ni kí ẹ lò.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ sọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín nínú ọ̀rọ̀ náà. Òfin kò gbà kí ẹ fi ara pamọ́.

Bí ẹnìkan bá ní òun kò fẹ́ mọ́, ẹ má pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ pátápátá. Ẹ gbé e sínú ìwé mìíràn, ìwé àwọn tí a kì í kọ̀wé sí. Bí ẹ bá pa á rẹ́, lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ yín bá tún kó nọ́ńbà láti inú ìwé ọjà àtijọ́, ẹni náà yóò tún wọlé, ìpolówó yóò sì tún bá a. Ó wá lè fi ẹjọ́ sun ICO, tàbí kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí 7726, nọ́ńbà tí àwọn ará UK máa ń lò fún ìpolówó tí wọn kò fẹ́.

## Ìpè

Ohun tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé ìpè tí èèyàn fẹnu ara rẹ̀ pè rọrùn ju ọ̀rọ̀ WhatsApp lọ lójú òfin. Ẹ kò nílò ìyọ̀ǹda tẹ́lẹ̀. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ wò ó bóyá nọ́ńbà náà wà nínú ìwé Telephone Preference Service, ìyẹn TPS, tí àwọn tí kò fẹ́ ìpè ìpolówó máa ń forúkọ sí lọ́fẹ̀ẹ́. Bí nọ́ńbà bá ti wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28, ẹ má pè é, àfi bí ẹni náà bá ti sọ fún ẹ̀yin gan-an pé òun kò kọ̀ kí ẹ máa pe òun. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà yín hàn, kí ẹ sì sọ ẹni tí ẹ jẹ́.

Síbẹ̀, mi ò gba oníṣòwò kékeré nímọ̀ràn láti yan ìpè. Ìwé TPS kì í dúró lójú kan, ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń wọlé sí i, ẹ ó máa wò ó léraléra ni. Ìpè dára fún ẹni tí ẹ mọ̀ dáadáa, tó ti rajà púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Ní ti ìpolówó owó ìfẹ̀yìntì àti ti àwọn tó ń bá èèyàn gba owó gbà-máà-bínú, òfin tún le sí i, nítorí náà bí irú òwò yẹn bá ni tiyín, ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ni kí ẹ gbà lọ.

Ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Bí ẹ̀rọ bá ń pe èèyàn tó sì ń sọ ohùn yín sí wọn létí, ìyọ̀ǹda nìkan ló wà fún un, soft opt-in kò wọ ibẹ̀ rárá. Keurboom Communications fi irú ìpè bẹ́ẹ̀ tó mílíọ̀nù 99.5 da àwọn èèyàn láàmú, ICO sì bu £400,000 lé wọn lọ́dún 2017. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ń fi ohùn pásítọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù kí àwọn ọmọ ìjọ lè mú owó ilé ìjọsìn wá, ẹ gba ìyọ̀ǹda oníkálukú kọ́kọ́.

## Bí iléeṣẹ́ bá ni oníbàárà yín

Alásè kan tó fẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ máa gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́ òun lè kọ ímeèlì sí limited company láì gba ìyọ̀ǹda lábẹ́ PECR. Àǹfààní ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá ṣòwò láì forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ènìyàn ni lójú òfin yìí, kì í ṣe iléeṣẹ́. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù irun kékeré tó ń ṣiṣẹ́ ní orúkọ ara rẹ̀ ní ààbò kan náà pẹ̀lú ìyá tó ń rajà fún ilé rẹ̀. Kí ẹ tó kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé Companies House, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń forúkọ sílẹ̀, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ímeèlì náà bá sì gbé orúkọ ènìyàn, GDPR ṣì kàn yín: ẹni náà lè ní kí ẹ má kọ̀wé sí òun mọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbà.

## Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ aláàánú

Kì í ṣe ọjà nìkan là ń polówó lójú ICO. Ìpè sí ìsọjí, ìbéèrè fún ọrẹ, ìwé pé kí èèyàn wá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, gbogbo wọn ló wà nínú ìpolówó. "Ìsìn òní ti yí padà sí aago mọ́kànlá" kò sí nínú rẹ̀.

Fún ọdún púpọ̀, ìyọ̀ǹda nìkan ni àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ní, torí wọn kì í ta nǹkan. Òfin tuntun tí ọba fọwọ́ sí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Data (Use and Access) Act, ṣí soft opt-in fún wọn. Ẹni tó bá fi hàn pé iṣẹ́ àánú yín wu òun, tàbí tó ṣe ìrànlọ́wọ́ fún un, ẹ lè máa kọ̀wé sí i nípa iṣẹ́ àánú yẹn, bí ẹ bá fún un láyè láti kọ̀ lọ́jọ́ náà àti nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tí ẹ ti gbà kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Ìpele ìpele ni wọ́n ń mú àwọn abala òfin yìí wọlé, ẹ wo ìkànnì ICO kí ẹ tó gbára lé e. Fún ìjọ, ìyọ̀ǹda ni mo ṣì fara mọ́: àwọn èèyàn yín ń wá sọ́dọ̀ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sí ìdí tí ẹ kò fi ní béèrè.

## Kúkì lórí ìkànnì yín

PECR náà ló ń ṣàkóso kúkì, ìyẹn àkọsílẹ̀ kékeré tí ìkànnì máa ń fi sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ẹni tó bá wọlé sí i. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Bí ìkànnì yín bá ń lo kìkì èyí tó pọn dandan, bí èyí tó ń rántí ohun tí oníbàárà kó sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ kò nílò ìyọ̀ǹda. Bí ẹ bá fẹ́ máa ka iye èèyàn tó ń wọlé, òfin 2025 fàyè gba irú kíkà bẹ́ẹ̀ láì gba ìyọ̀ǹda bí ẹ bá ṣàlàyé tí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lè kọ̀. Bí ẹ bá fi pixel ti Facebook síbẹ̀ láti máa lé èèyàn kiri pẹ̀lú ìpolówó, ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ ṣáájú, kíkọ̀ sì gbọ́dọ̀ rọrùn bíi gbígbà.

Ọ̀pọ̀ ìkànnì tí wọ́n bá èèyàn kọ́ ní pátákó tó ń béèrè "ṣé ẹ gbà?", pixel ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Ẹ yẹ tiyín wò. Ẹ ṣí ìkànnì náà ní ojú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ nínú Chrome, ẹ má tẹ nǹkan kan, ẹ tẹ F12, ẹ lọ sí Application, lẹ́yìn náà Cookies. Bí ẹ bá rí `_fbp`, kúkì ti pixel Facebook, níbẹ̀, pátákó yín kò ṣiṣẹ́. Ẹ pe ẹni tó kọ́ ọ. Alásè tàbí aránṣọ tí oníbàárà rẹ̀ ń ti ẹnu dé ẹnu wá kò nílò pixel; ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì gbàgbé pátákó.

## Ìwé nọ́ńbà àtijọ́

Èyí ni ìbéèrè tó máa ń wá jù: nọ́ńbà tí mo ti ń kó jọ láti ọdún márùn-ún, tí mi ò mọ ẹni tó gbà àti ẹni tí kò gbà, kí ni kí n ṣe sí i? Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé àwọn lè fi ímeèlì kan béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn. Honda ṣe bẹ́ẹ̀ sí èèyàn 289,790, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ máa gbọ́ ìròyìn. ICO ní ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ìpolówó, £13,000 ni wọ́n san. Flybe, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, fi ímeèlì 3.3 mílíọ̀nù ránṣẹ́ sí àwọn tó ti kọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wá tún àkọsílẹ̀ wọn ṣe, £70,000 ni tiwọn. Oṣù kan náà, oṣù Kẹta ọdún 2017, ni ICO kéde méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè lórí ímeèlì tàbí WhatsApp. Ẹ kọ lẹ́tà póòsì sí àwọn tí ẹ mọ àdírẹ́sì wọn bí owó bá wà, tàbí kí ẹ kàn dúró títí wọ́n á fi padà wá, kí ẹ sì gbé káàdì síwájú wọn. Dídúró ni mo fara mọ́. Ìwé tuntun á kéré lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó fẹ́ gbọ́ lọ́dọ̀ yín ló wà nínú rẹ̀.

Owó ìtanràn tó ga jù lábẹ́ PECR jẹ́ £500,000 tẹ́lẹ̀. Òfin 2025 gbé e dé £17.5 mílíọ̀nù tàbí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó tí iléeṣẹ́ ń pa wọlé kárí ayé, èyí tó bá pọ̀ jù. Láti òpin ọdún 2018 ni ICO sì ti lè bu owó lé ọ̀gá iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀, kó má baà ti iléeṣẹ́ pa kó sì ṣí òmíràn.

Bí ẹ bá ní oníbàárà ní Dublin, òfin tiwọn ni kí ẹ wò, kì í ṣe PECR. Soft opt-in wà lọ́dọ̀ wọn náà, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ orí: ẹ gbọ́dọ̀ ti tajà fún ẹni náà láàárín oṣù 12 sẹ́yìn, tàbí kí ẹ ti fi ìpolówó ránṣẹ́ sí i láàárín àkókò yẹn. Bí oṣù 12 bá kọjá láì sí èyíkéyìí, ẹ gba ìyọ̀ǹda tuntun. Ìpolówó kọ̀ọ̀kan tó bá rú òfin lè di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ ní kóòtù, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó €5,000. Ẹ fi ọjọ́ tí oníkálukú rajà kẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì ya ìwé àwọn ará Dublin sọ́tọ̀ kúrò lára ti Lọ́ńdọ̀nù.